Bọ́ọ̀lù Tí Basheerah Kò Fẹ́ Pè

Ẹ̀rù tó ń ba Basheerah kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn lè rò fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ejò lé yóò ké. Ẹni tí olè ká mọ́lé yóò ké, àwọn ará àdúgbò yóò sì gbọ́. Ṣùgbọ́n kí kátṣà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba bọ́ọ̀lù, máa sá fún bọ́ọ̀lù, bí apẹja tí kò fẹ́ kí omi kan òun lẹ́sẹ̀, ta ló fẹ́ ké sí? Ó gbé ẹ̀rù náà mì bí oògùn kíkorò, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Mushin lọ sí Surulere ní ọ̀sán Sátidé tí wọ́n fẹ́ bá ẹgbẹ́ Ìjọrà figagbága.

Sọ́fúbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Bí ẹ ò bá rí i rí, kò ṣòro. Ajùbọ́ọ̀lù yóò dúró láàárín pápá, yóò yí apá rẹ̀ po bí abẹ̀bẹ̀ oníná, yóò sì ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbá a yóò di igi mú ní ibi tí wọ́n ń pè ní ilé. Onígi ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pè é. Kátṣà yóò lóṣòó sẹ́yìn onígi, yóò gba bọ́ọ̀lù tí onígi bá tàsé; onígi tó bá tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò jáde. Ṣùgbọ́n gbígbà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ kátṣà. Òun náà ló ń yan èyí tí wọn yóò jù. Yóò na ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ itan, níbi tí onígi kò ti lè rí i, ajùbọ́ọ̀lù yóò wò ó, yóò sì mi orí láti gbà. Ìka kan, bọ́ọ̀lù eré. Ìka méjì, bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, tí ń tan onígi jẹ bí ẹni pé ó ń sáré bọ̀. Ìka mẹ́ta ni agòkè.

Agòkè máa ń kúrò lọ́wọ́ ajùbọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n orúnkún. Bó ti ń bọ̀ ló ń gòkè, bí ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ní ìyẹ́, títí yóò fi kọjá lórí igi, tí yóò sì dojú kọ ìbòjú onírin tí kátṣà wọ̀. Agòkè ni Basheerah ń bẹ̀rù.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kó bá a. Ìbọ̀wọ́ kátṣà, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, òsì yìí nìkan ló sì yẹ kó máa gba bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Basheerah dàgbà, nínú ilé kan tí ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀nà Ládìpọ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó na ọwọ́ òsì gba ẹran lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ẹran náà padà sínú ìkòkò, kò sì tún jáde mọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí òsì rẹ̀ bá fẹ́ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ, ọ̀tún á ti sáré wá gbè é lẹ́sẹ̀. Ajùbọ́ọ̀lù wọn, Àǹtí Moyọ̀sọ́lá, sì fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Bọ́ọ̀lù á kúrò lọ́wọ́ Àǹtí, ọwọ́ ọ̀tún Basheerah á jáde lófìfo, á tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ìbọ̀wọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀bùn fún.

"Ṣé ẹrù ìyàwó ni wọ́n gbé wá fún ẹ ni?" Kóòṣì Shakirat máa ń pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá. "Fi ọwọ́ yẹn pa mọ́ sẹ́yìn! Bọ́ọ̀lù ò mọ àgbà o, Basheerah!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdíje náà ni agòkè kan bá ọwọ́ náà níta. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó dun òun. Ìka àárín wú bí àkàrà, èékánná rẹ̀ dúdú, ó sì bọ́ lọ́jọ́ kẹfà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè é ní akin, wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé láti ọjọ́ náà, bó bá ti dùbúlẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa gòkè bọ̀ láti inú òkùnkùn, á máa wá ìka rẹ̀ kiri.

Kóòṣì kò sì jẹ́ kó sinmi. Ó mú ìborùn, ó so ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì lu ògiri fún un láti gbà, ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Ó kọ́ ọ kó jẹ́ kí ọwọ́ òsì rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ẹyin. Ó kọ́ ọ pé bí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ níwájú rẹ̀, kó fi orúnkún méjèèjì lulẹ̀, kó fi àgbọ̀n mọ́ àyà, kó jẹ́ kí àyà dá a dúró. Ó sì kọ́ ọ ní wíwò.

"Má wo ojú onígi, irọ́ ni ojú ń pa," ni Kóòṣì wí. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kó o wò. Èyí tó bá sún síwájú, bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ ló ń dúró dè. Èyí tó bá sá sẹ́yìn, nǹkan tó yára ló ń retí. Èyí tó bá ń retí ni kó o má fún un."

Basheerah mọ gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè jókòó nínú ọkọ̀ kó máa wo ẹsẹ̀ àwọn èrò, kó sì máa fi ìka pe bọ́ọ̀lù sórí itan ara rẹ̀. Bó bá kan ìka kẹta nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ á kọ̀.

Báyìí ni ìdíje náà ṣe bẹ̀rẹ̀, tí kátṣà ẹgbẹ́ Mushin ń pe eré, tó ń pe jẹ́jẹ́, tó ń pe jẹ́jẹ́, tó ń pe eré. Èyí tí ọwọ́ òun lè gbà ló ń pè. Kì í ṣe èyí tó lè dá onígi lágara. Kò sì sí ẹni tó lè mọ̀, nítorí abẹ́ itan rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Lẹ́yìn abala kejì, Moyọ̀sọ́lá wá bá a níbi tó ti ń mu omi. Arẹwà dúdú kan ni, tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó, tó sì máa ń fẹjú mọ́ nǹkan bí ẹni pé skúrú kékeré ló ń wá lára rẹ̀.

"Agòkè ńkọ́?" ó béèrè. "Apá mi ti gbóná fún un."

"Wọ́n ti mọ̀ ọ́n, Àǹtí," ni Basheerah wí. Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ń dúró dè é."

"Ó dáa. Ìwọ lo ni ojú, èmi ni mo ni apá."

Bẹ́ẹ̀ ni Moyọ̀sọ́lá máa ń sọ. Kò tíì mi orí kọ ìka Basheerah rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbá.

Ní abala kẹrin, Purity jáde wá. Òun ni ẹgbẹ́ Ìjọrà gbójú lé jù, ọmọbìnrin gíga kan tí apá rẹ̀ gùn débi pé ó lè ká àgbálùmọ̀ láìgun igi. Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó bojú wo Basheerah nísàlẹ̀.

"Kátṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé jẹ́jẹ́ lẹ̀yin ará Mushin ń ṣe lónìí ni? Wọ́n ní oníjàgídíjàgan ni yín. Àṣé ẹ ti ronú pìwà dà."

Ọmọ yìí ti mọ̀, Basheerah wí nínú ara rẹ̀. Síbẹ̀ ìka méjì ló nà.

Bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ náà wá, Purity dúró dè é bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ, ó sì gbá a. Ó padà sí ibi tó ti wá gan-an, ó yára ju bó ṣe wá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ajùbọ́ọ̀lù kì í wọ ìbòjú onírin bíi ti kátṣà. Fìlà Moyọ̀sọ́lá fò lọ sókè. Moyọ̀sọ́lá fúnra rẹ̀ jókòó sórí iyanrìn gbì, bí ẹni tí wọ́n fa àga kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá pàápàá gbàgbé ọjà wọn. Basheerah sáré lọ, ìbòjú ṣì wà lójú rẹ̀, ó sì ń gbọ́ mímí ara rẹ̀ nínú irin náà bíi ti ẹranko.

"Àǹtí! Àǹtí Moyọ̀!"

Moyọ̀sọ́lá fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀.

"Ó kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi bí oyin," ó wí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ funfun. "Fìlà ló mú lọ. Ó fi orí sílẹ̀ fún mi."

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ṣé ìwọ lo gbá a ni?" Ó di èjìká Basheerah mú, ó sì fi í dìde. "Padà sílé, kó o máa pe èyí tó bá tọ́ lójú ẹ. Mo gbà ẹ́ gbọ́."

Ká ní ó gbá a létí ni, ì bá sàn jù. Basheerah padà lọ lóṣòó. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, bí ọmọ Ìjọrà yẹn bá tún padà wá, òun á pe agòkè. Wallahi, òun á pè é. Ó sì ń gbàdúrà kí ọmọ náà má padà wá.

Àdúrà náà kò gbà. Ní abala kẹfà, ẹgbẹ́ Mushin ti ní àmì mẹ́rin, Ìjọrà ní mẹ́ta. Wọ́n ti lé onígi Ìjọrà méjì jáde, ẹnì kan péré ló kù kí abala náà parí. Ṣùgbọ́n Christabel, ọmọ Ìjọrà kan tó lè sáré bí òkété, ti dé bésì kẹta, ibùdó ìkẹyìn kí ènìyàn tó sáré wọ ilé gba àmì, ó ń dá ẹsẹ̀ rú níbẹ̀, ó ń wo ilé. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ kátṣà pẹ́rẹ́n, ó ti wọlé nìyẹn. Purity ló sì ń gbé igi bọ̀.

Ohun mìíràn wà tó tún le. Bí kò bá sí ẹni lórí bésì, kátṣà lè fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀, ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ wá síwájú, kó di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́, kó lè tètè mú bọ́ọ̀lù jù. Ìka rẹ̀ kò ní ibi tó lè sá sí.

Ó na ìka. Kò mọ ìgbà tó nà án. Méjì ni.

Moyọ̀sọ́lá mi orí, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni Basheerah wo ẹsẹ̀ Purity. Ẹsẹ̀ náà ti sún síwájú pátápátá, ìka bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà. Jẹ́jẹ́ ló ń dúró dè, bí ológbò ṣe ń dúró de eku. Basheerah sì rí i kedere, bí ènìyàn ṣe ń rí nǹkan lójú àlá: bọ́ọ̀lù tó ń padà lọ, kì í ṣe síbi fìlà mọ́, bí kò ṣe sí ojú méjì tó ń wá skúrú kékeré.

"Rẹfirí! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá a dúró!"

Rẹfirí gbé ọwọ́ sókè. Basheerah rìn lọ bá Moyọ̀sọ́lá.

"Kí ló dé? Ṣé inú ń run ẹ́ ni?"

"Àǹtí, mi ò tíì pe agòkè láti àárọ̀."

"Mo mọ̀. O ní wọ́n ti mọ̀ ọ́n."

"Irọ́ ni mo pa." Basheerah na ìka àárín rẹ̀ hàn án. "Ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà mí. Nítorí ìka mi. Èyí tí mo lè gbà ni mò ń pè."

Moyọ̀sọ́lá fọwọ́ kan etí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Nítorí ìka kan," ó wí nígbẹ̀yìn. "Basheerah. Nítorí ìka ẹyọ kan."

Orúnkún Basheerah ti ń tẹ̀.

"Ìwọ, má kúnlẹ̀ fún mi níbí o! Wọ́n á rò pé ẹ̀mí ló gbé ẹ." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì le. "Gbọ́. Mi ò ní ju jẹ́jẹ́ sí ọmọ yẹn mọ́. Bó o bá lè pe agòkè, lọ lóṣòó. Bó ò bá lè pè é, bọ́ ìbòjú yẹn, kí Kóòṣì fi ẹlòmíràn síbẹ̀."

"Ṣé ẹ ò ní bínú, Àǹtí?"

"Mo ti ń bínú báyìí. Lọ."

Ó lọ. Ó lóṣòó. Lójú ọ̀nà yẹn, láti àárín pápá títí dé ilé, ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì láti bọ́ ìbòjú náà. Ọwọ́ rẹ̀ dé okùn rẹ̀ pàápàá.

Ìka mẹ́ta.

Agòkè wá. Kò rí i dé, nítorí ó ti di ojú rẹ̀. Purity fi igi gba afẹ́fẹ́, bọ́ọ̀lù lu etí ìbọ̀wọ́, ó já sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ariwo sọ. Christabel ti sáré ìgbésẹ̀ mẹ́ta bọ̀. Basheerah fi orúnkún méjèèjì lulẹ̀, ó fi gbogbo àyà bo bọ́ọ̀lù náà bí adìyẹ lórí ẹyin, Christabel sì yí padà sí bésì.

"Ọ̀kan!" ni rẹfirí ké.

"Ah-ah," ni Purity wí. Kò jẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́.

Ìka mẹ́ta lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ tipátipá, ó sì rí i: bọ́ọ̀lù náà ń bọ̀, ó ń tóbi, ó ń gòkè. Igi kàn án lábẹ́ díẹ̀, ìyẹn sì tó láti yí i lọ́nà. Ó kọjá lókè ìbọ̀wọ́, ó sì gún Basheerah ní egungun ọrùn, níbi tí aṣọ ìdáàbòbò àyà ti parí.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń fọkàn ṣe ìdíwọ̀n ìrora yìí. Ó dùn ju bó ṣe rò lọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, apá òsì rẹ̀ kú títí dé ìgúnpá, ó sì fi ẹnu gba afẹ́fẹ́ bí ẹja.

"Méjì!" ni rẹfirí wí, nítorí bí àtàsé ni wọ́n ń ka ìyẹn, ó sì tẹ̀ wálẹ̀ sí i. "Ọmọ mi, ṣé o lè gbá a lọ?"

"Mo lè gbá a, sà." Ohùn tó dáhùn náà ṣàjèjì sí i.

Ẹyọ kan ló kù. Ó wo ẹsẹ̀ Purity.

Ẹsẹ̀ náà ti padà sẹ́yìn. Ó ti lọ dé ìlà ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbé igi sókè. Agòkè méjì ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n, òun gan-an ló ń dúró dè báyìí. Ohun tí Kóòṣì kọ́ wọn kò ṣòro níbí rárá. Ìka méjì ni. Jẹ́jẹ́.

Síbẹ̀ Basheerah kò nà án. Nítorí ìka méjì náà ni ẹ̀rù ń pè. Ohùn méjèèjì, ti ẹ̀kọ́ Kóòṣì àti ti ẹ̀rù, ń wí ohun kan náà, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí òun ń tẹ̀ lé? Bó bá ṣe pé ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ ńkọ́, tó kàn wọ aṣọ ọgbọ́n? Bọ́ọ̀lù á tún padà lọ. Àǹtí kò ní ìbòjú.

Ó bi ara rẹ̀ pé, ká ní irin ni ìka òun, ká ní egungun ọrùn òun kì í dun ènìyàn, èwo lòun ì bá pè?

Ó wo ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó na ìka méjì.

Moyọ̀sọ́lá mi orí kọ̀.

Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó dúró gbagidi láàárín pápá, bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pupa, gbogbo ara rẹ̀ sì ń wí pé: mo ti sọ fún ẹ. Kóòṣì Shakirat dìde lórí bẹ́ǹṣì. Purity ń yí igi lókè èjìká.

Basheerah ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Ó tẹjú mọ́ Moyọ̀sọ́lá, ojú rẹ̀ kún fún omi, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì fi pa mọ́. Ó jẹ́ kó rí ẹ̀rù náà. Lẹ́yìn náà ó fa ìbòjú wálẹ̀, ó tún na ìka méjì, kò sì ká a kúrò.

Ó pẹ́. Ọkọ̀ kan fun fèrè lójú títì, òmíràn dá a lóhùn. Moyọ̀sọ́lá mi orí gbà lẹ́ẹ̀kan, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń gba ìyọnu.

Apá rẹ̀ yípo pẹ̀lú gbogbo agbára, bí ẹni tó fẹ́ ju agòkè tó burú jù láyé. Bọ́ọ̀lù jáde, ó sì fà sẹ́yìn. Purity ti gbá a kó tó dé. Igi náà lọ yípo, ó fa Purity tẹ̀ lé e, orúnkún rẹ̀ kan lulẹ̀, ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọra wọlé. Basheerah gbà á bí ẹni gba ẹyin.

"Mẹ́ta! Jáde!"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáré wá, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, wọn kò mọ̀ pé egungun ọrùn rẹ̀ ń jó bí iná. Moyọ̀sọ́lá kò sáré. Ó rìn wá, ó sì dúró títí àwọn yòókù fi kọjá.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ lo wò ni, àbí ẹ̀rù ló bà ẹ́?"

"Méjèèjì, Àǹtí. Àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mo pè."

Moyọ̀sọ́lá wò ó lọ, wò ó bọ̀.

"A ṣì máa sọ̀rọ̀," ó wí. "Tá a bá parí, èmi pẹ̀lú ẹ. Má rò pé ó ti tán."

"Bẹ́ẹ̀ ni ma."

Abala keje, tí í ṣe ìkẹyìn, ló kù, àmì kan péré ló sì wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n padà sí pápá, èjìká Basheerah ti wú débi pé okùn aṣọ ìdáàbòbò ń ge é. Onígi àkọ́kọ́ tí Ìjọrà rán wá jẹ́ ọmọ kúkúrú kan tó di igi mú nísàlẹ̀, nítòsí ìbàdí, ibi tí kò ti ní tètè bá bọ́ọ̀lù tó ń gòkè. Ó ṣì ń fi bàtà tẹ́ iyanrìn kó lè fẹsẹ̀ rinlẹ̀, nígbà tí Basheerah lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ̀rù ṣì ń bà á, tó sì na ìka mẹ́ta.